Eyín ni Mo Kọ́, Ọkàn àti Ẹ̀jẹ̀ ni Wọ́n ń Bi Mí

Aago méjì òru ti lù ní ọjọ́ náà nígbà tí ìyá mi jí, tí ó jáde wá sí pálọ̀, tí ó bá mi níwájú àtùpà pẹ̀lú ìwé ńlá kan tí mo ṣí sílẹ̀. Iná mànàmáná ti lọ láti ìrọ̀lẹ́. Ìyá mi tẹ̀ síwájú, ó wo àwòrán tí ó wà nínú ìwé náà. Ọkàn ènìyàn ni, tí a là sí méjì bí ẹni la obì. Ó kọ háà. Ó ní, "Ìwọ ọmọ yìí, ṣé kì í ṣe eyín ni o sọ fún mi pé o kọ́ ní yunifásítì? Gbogbo èlùbọ́ tí mo tà ní Bódìjà, owó ẹ̀kọ́ eyín ni mo fi san. Kí ni o wá ń fi ọkàn ọlọ́kàn ṣe?"

Mo rẹ́rìn-ín, ṣùgbọ́n ẹ̀rín náà kò dé inú. Ìbéèrè tí ìyá mi bi mí ní òru ọjọ́ yẹn, mo ti bi ara mi rí, mo sì fún ara mi ní ìdáhùn tí kò tọ̀nà. Ìdáhùn yẹn ni ó jẹ́ kí n fìdí rẹmi nínú ìdánwò ní ọdún tí ó ṣáájú, òun náà ni ó sì fẹ́rẹ̀ẹ́ jẹ́ kí ènìyàn kú mọ́ mi lọ́wọ́. Nítorí náà ni mo ṣe ní kí n kọ ọ́ sílẹ̀ fún ẹ̀yin òǹkàwé ìwé ìròyìn yìí, pàápàá ẹ̀yin tí ẹ ní ọmọ tí ń kọ́ iṣẹ́ dókítà, àti gbogbo ẹ̀yin tí eyín ti dùn rí. Ta ni eyín kò sì dùn rí?

Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ ṣàlàyé ọ̀nà náà. Ẹni tí ó bá fẹ́ di dókítà eyín ní ilẹ̀ Nàìjíríà yóò lo ọdún 6 ní yunifásítì. Ní ìbẹ̀rẹ̀, òun àti àwọn tí yóò di dókítà yòókù jọ ń kọ́ nípa egungun, iṣan, ẹ̀jẹ̀ àti ìfun ni, kí wọ́n tó pínyà. Bí ó bá gba ìwé ẹ̀rí tán, yóò ṣiṣẹ́ fún ọdún 1 lábẹ́ àwọn ọ̀gá ní ilé ìwòsàn, yóò sì sin ilẹ̀ baba rẹ̀ fún ọdún 1 gẹ́gẹ́ bí àgùnbánirọ̀. Ṣùgbọ́n bí ó bá fẹ́ di ọ̀gá nínú iṣẹ́ náà, irú èyí tí ń to àgbọ̀n tí ó fọ́ nínú ìjàm̀bá ọkọ̀, tàbí èyí tí ń tọ́jú eyín àwọn ọmọdé nìkan, ó di dandan kí ó kọ́kọ́ ṣe ìdánwò àbáwọlé kan tí àwa ń pè ní Primary. Ilé ẹ̀kọ́ gíga àwọn dókítà tí ìjọba dá sílẹ̀ ní ọdún 1979, National Postgraduate Medical College, tí ibùjókòó rẹ̀ wà ní Ìjànìkin lọ́nà Àgbádárìgì, ní tirẹ̀. West African College of Surgeons náà ní tiwọn. Bí o kò bá tíì yege níbẹ̀, ẹnu ọ̀nà ni ìwọ yóò máa dúró sí, àwọn ẹgbẹ́ rẹ yóò sì máa wọlé lójú rẹ.

Kì í ṣe ilẹ̀ wa nìkan ni ó rí bẹ́ẹ̀. Ní ilẹ̀ India, ìdánwò àbáwọlé kan náà ni wọ́n gbé kalẹ̀ fún gbogbo dókítà eyín tí ó fẹ́ tẹ̀ síwájú, láti ìgbaniwọlé ọdún 2017. Ní ọdún 2024, ìbéèrè 240 ni ó wà nínú rẹ̀, wákàtí 3 ni wọ́n fi dáhùn wọn, ìmọ̀ ìṣègùn gbogbo ara sì dá dúró nínú rẹ̀ bí ẹ̀kọ́ kan lọ́tọ̀. Ẹni tí ó bá gba ọ̀kan yóò jẹ máàkì 4, ẹni tí ó bá ṣì í yóò pàdánù máàkì 1 nínú èyí tí ó ti ní lọ́wọ́. Ẹni tí ó bá fẹ́ràn tẹ́tẹ́, kí ó má dé ọ̀hún.

Èmi, bí mo ṣe ṣe tèmi nìyí. Oṣù mẹ́fà ni mo fi ń ka eyín. Mo mọ gbòǹgbò eyín kọ̀ọ̀kan bí ìyá mi ṣe mọ oníbàárà rẹ̀. Bí mo bá dé ibi tí a ti ń sọ nípa ọkàn, kíndìnrín, ẹ̀dọ̀ àti àwọn oògùn wọn, mo máa ń ṣí ìwé kọjá ni. Mo ń sọ nínú ara mi pé, "Iṣẹ́ àwọn tọ̀hún nìyẹn." Ìwọ̀nba díẹ̀ tí mo sì kà, inú ìwé àlòkù kan tí ọjọ́ orí rẹ̀ fẹ́rẹ̀ẹ́ tó tèmi ni mo ti kà á. Nígbà tí mo jókòó sí gbọ̀ngàn ìdánwò tí mo ṣí ìwé ìbéèrè, òógùn bò mí. Ìbéèrè lórí ìbéèrè ni, nípa bí ọkàn ṣe ń tu ẹ̀jẹ̀ jáde, nípa ohun tí ń mú ẹ̀jẹ̀ dì, nípa oògùn tí ń bá oògùn mìíràn jà nínú ara. Eyín wà níbẹ̀ o, ṣùgbọ́n ó dà bí ẹran nínú ọbẹ̀ tálákà. Èsì jáde, orúkọ mi kò sí níbẹ̀.

Mo padà sí ẹnu iṣẹ́ ní ilé ìwòsàn aládàáni kan tí n kò ní dárúkọ. Kò pé oṣù kan lẹ́yìn náà ni ìyá aláṣọ kan wá sọ́dọ̀ mi. Ọ̀kan nínú eyín ẹ̀yìn rẹ̀ ní ìsàlẹ̀ ti jẹrà, kò sì jẹ́ kí ó sùn fún ọjọ́ mẹ́rin. Mo bi í pé, "Mà, ǹjẹ́ ẹ ní àìsàn kankan?" Ó ní rárá. "Ǹjẹ́ ẹ ń lo oògùn kankan?" Ó ní rárá. Mo kọ "rárá, rárá" sínú ìwé, mo gún un ní abẹ́rẹ́ tí kì í jẹ́ kí ojú ibẹ̀ mọ ìrora, mo sì yọ eyín náà láì lo ìṣẹ́jú mẹ́wàá. Ìyá náà dúpẹ́, ó ní ọwọ́ mi rọ̀, ó gba ìsọ̀ rẹ̀ lọ.

Ní aago mẹ́sàn-án alẹ́ ni àwọn ọmọ rẹ̀ gbé e padà dé. Abọ́ tí wọ́n gbé sí abẹ́ ẹnu rẹ̀ ti fẹ́rẹ̀ẹ́ kún. Mo fi òwú tẹ ojú ibẹ̀, mo rán an, ẹ̀jẹ̀ kò dá. Ìgbà náà ni ọ̀kan nínú àwọn ọmọ náà ṣẹ̀ṣẹ̀ wá sọ pé, "Dókítà, àbí oògùn tí wọ́n fún Màmá nígbà tí ẹ̀jẹ̀ dì sí wọn lẹ́sẹ̀ ni?" Warfarin ni. Iṣẹ́ oògùn náà ni pé kí ẹ̀jẹ̀ má tètè dì, ó sì ti ń lò ó láti ọdún tí ó kọjá láì padà lọ yẹ ẹ̀jẹ̀ rẹ̀ wò. Lóru náà ni a gbé e lọ sí ilé ìwòsàn ńlá. Ọjọ́ mẹ́ta ni ó lò níbẹ̀, wọ́n sì fa ẹ̀jẹ̀ sí i lára. Ọlọ́run bá mi ṣe é, kò kú.

Nígbà tí mo lọ kí i, mo ní, "Mà, kí ló dé tí ẹ fi sọ pé ẹ kì í lo oògùn?" Ó wò mí tìyanu-tìyanu. Ó ní, "Dókítà, oògùn eyín ni mo rò pé ẹ ń bi mí. Ti ẹsẹ̀ ni mo ń lò."

Ọ̀rọ̀ yẹn dùn mí ju èsì ìdánwò lọ. Àṣìṣe kan náà ni èmi àti ìyá yìí ṣe. Òun rò pé oògùn ẹsẹ̀ kò kan eyín, èmi náà rò pé ẹ̀kọ́ ẹsẹ̀ kò kan dókítà eyín, bẹ́ẹ̀ ẹ̀jẹ̀ kan náà ni ó ń lọ sí ibi méjèèjì. Ìyàtọ̀ tí ó wà láàárín wa ni pé òun kò lo ọdún mẹ́fà ní yunifásítì.

Kí n tó gbàgbé: ẹ má ṣe torí ìtàn yìí dá irú oògùn bẹ́ẹ̀ dúró fúnra yín kí ẹ tó lọ yọ eyín. Ẹ̀jẹ̀ lè dì, kí ó sì dí iṣan ọpọlọ kí ilẹ̀ tó mọ́, èyí sì burú ju eyín lọ. Ohun tí dókítà eyín ń ṣe ni pé yóò ní kí wọ́n yẹ ẹ̀jẹ̀ náà wò. Nọ́ńbà kan wà tí à ń pè ní INR. Bí kò bá tó 4, a lè yọ eyín kan tàbí méjì, kí a rán ojú ibẹ̀, kí a sì dì í dáadáa, láì dá warfarin dúró. Bí ó bá ga jù bẹ́ẹ̀, a ó ní sùúrù, a ó sì kọ ìwé sí dókítà tí ó fún un ní oògùn. Aspirin wẹ́wẹ́ tí àwọn àgbà ń lò nítorí ọkàn náà, a kì í sábà ní kí wọ́n dá a dúró. Ẹ ṣáà sọ ọ́.

Ọ̀rẹ́ mi kan tí ó ti yege ni ó kọ́ mi ní bí mo ṣe máa kàwé lákọ̀tun. Ó ní kí n má ṣe ka ìṣègùn gbogbo ara bí ẹni tí ó fẹ́ di dókítà ọkàn, nítorí òkun ni, ẹnìkan kò lè mu ún tán. Kí n mú àìsàn kọ̀ọ̀kan, kí n bi í ní ìbéèrè mẹ́ta péré. Kí ni ìwọ ń ṣe nínú ara? Kí ni ìwọ ń fi hàn ní ẹnu? Kí ni n kò gbọdọ̀ ṣe sí ẹni tí ìwọ wà lára rẹ̀? Mo gé páálí pélébé-pélébé, mo kọ àìsàn kan sí ọ̀kọ̀ọ̀kan, mo sì ń kó wọn sápò kiri.

Ó tún gba ìwé àlòkù náà lọ́wọ́ mi. Ó ṣí i sí ibi kan, ó ní kí n kà á sókè. Ìwé náà sọ pé ẹnikẹ́ni tí ilẹ̀kùn inú ọkàn rẹ̀ bá ti ní àbùkù, kí a fún un ní oògùn apakòkòrò kí a tó yọ eyín rẹ̀, kí kòkòrò ẹnu má baà gba inú ẹ̀jẹ̀ lọ ba sí ọkàn. Mo kà á tán, mo ń yangàn. Ó ní, "Láti ọdún 2007 ni ẹgbẹ́ àwọn dókítà ọkàn ilẹ̀ Amẹ́ríkà ti yí èyí padà. Àwọn tí ewu wọn ga jù lọ nìkan ni ó kù: àwọn tí a fi ilẹ̀kùn àtọwọ́dá sí lọ́kàn, àwọn tí kòkòrò ti ba ọkàn wọn jẹ́ rí, àti irú àwọn kan tí a bí pẹ̀lú àbùkù ọkàn. Ní ọdún 2021 wọ́n tún ní kí a má lo clindamycin fún un mọ́. Ìwé tí ò ń kà yìí ti kú, o kò kàn tíì sin ín ni."

Láti òru ọjọ́ tí ìyá mi bá mi nídìí àwòrán ọkàn ni òun náà ti wọ inú ọ̀rọ̀ yìí. Mo kọ Yorùbá sí ẹ̀yìn àwọn páálí náà nítorí tirẹ̀. Bí ó bá jẹun alẹ́ tán, yóò fa páálí kan yọ, yóò jókòó sórí àga, yóò sì máa ṣe bí ẹni tí àìsàn náà ń ṣe, kí n wá mọ ohun tí ó jẹ́. Ó mọ̀ ọ́n ṣe jù! Ní alẹ́ ọjọ́ kan ó ń gbọ̀n, ó ń nu òógùn tí kò sí níbẹ̀, ó ń sọ̀rọ̀ kátikàti. Mo ní, "Ẹ dùbúlẹ̀, mà, ẹ sinmi." Ó fò dìde. Ó ní, "O ti pa mí! Aláàtọ̀gbẹ ni mí, mo gba abẹ́rẹ́ insulin láàárọ̀, n kò jẹun nítorí mo rò pé a kì í jẹun kí a tó yọ eyín. Ṣúgà ni kí o fún mi!" Ó gba ibẹ̀. Ẹni tí ó ní àtọ̀gbẹ kò gbọdọ̀ gbààwẹ̀ wá sọ́dọ̀ dókítà eyín, àyàfi bí wọ́n bá dìídì sọ fún un pé wọn yóò mú un sùn kí wọ́n tó ṣe iṣẹ́ náà.

Àtọ̀gbẹ yìí ni páálí tí ọ̀rọ̀ pọ̀ sí jù lọ́wọ́ mi. Bí ṣúgà bá pọ̀ lápọ̀jù nínú ẹ̀jẹ̀, ẹran tí ó di eyín mú, tí a ń pè ní èrìgì, yóò máa wú, yóò máa ṣẹ̀jẹ̀, eyín yóò sì bẹ̀rẹ̀ sí í mì láìsí pé kòkòrò jẹ ẹ́. Ojú ibi tí a bá ti yọ eyín kò ní tètè jinná. Ohun tí ó yà mí lẹ́nu ni pé ọ̀rọ̀ náà ń lọ, ó ń bọ̀: èrìgì tí ó ń rà kì í jẹ́ kí ṣúgà náà gbọ́ oògùn bí ó ti yẹ. Bí ẹni tí kò tíì darúgbó bá wá sọ́dọ̀ mi nísinsìnyí tí eyín rẹ̀ mẹ́ta mẹ́rin ń mì, n kì í fi ọwọ́ kan ohunkóhun kí n tó ní kí ó lọ yẹ ṣúgà rẹ̀ wò. Àwọn kan máa ń bínú. Wọ́n ní owó ni mo fẹ́ gbà lọ́wọ́ wọn lẹ́ẹ̀mejì.

Àwọn páálí kan wà tí n kò ní pẹ́ lórí wọn. Aláboyún tí oyún rẹ̀ ti wúwo, bí a bá dá a dùbúlẹ̀ gbalaja sórí àga eyín, ilé ọmọ yóò tẹ iṣan ńlá tí ń gbé ẹ̀jẹ̀ padà sí ọkàn, òòyì yóò sì kọ́ ọ. Kí a yí i sí ẹ̀gbẹ́ òsì ni. Ọmọ tí ó ní fònìkú-fọ̀ladìde lè máa sunkún àgbọ̀n láìsí eyín kan tí ó bàjẹ́, nítorí pé ẹ̀jẹ̀ kò ráyè kọjá nínú egungun ibẹ̀. Egungun òkè ẹnu rẹ̀ náà sì lè yọ síwájú, nítorí mùdùnmúdùn inú egungun ń ṣiṣẹ́ ju agbára rẹ̀ lọ láti pèsè ẹ̀jẹ̀. Àti pé bí eyín ìsàlẹ̀ bá mú kí abẹ́ ahọ́n àti ọrùn wú ní ọ̀tún àti ní òsì, tí itọ́ kò ṣeé gbé mì mọ́, ẹ má ṣe dúró di ọ̀la. Wíwú náà lè dí ọ̀nà èémí.

Ṣùgbọ́n èyí tí mo fẹ́ kí ẹ̀yin olùkọ́ fi etí sí ni ti bàbá tíṣà kan tí ó ti fẹ̀yìn tì. Àgbọ̀n rẹ̀ ní ìhà òsì ni ó ń dùn ún. Wọ́n ti yọ eyín méjì fún un níbòmíràn, ìrora náà kò lọ, ó wá sọ́dọ̀ mi pé kí n yọ ìkẹta. Mo wo eyín náà, ó le koránkorán. Bí ó bá jẹ́ ní ọdún tí ó ṣáájú ni, ǹ bá ti yọ ọ́. Mo bi í pé, "Bàbá, ìgbà wo ni ó máa ń dùn yín?" Ó ní bí òun bá ń gun òkè Màpó ni. Mo ní, "Bí ẹ bá wá dúró ńkọ́?" Ó ní bí òun bá sinmi díẹ̀, yóò lọ. Ara mi bù máṣọ. Eyín tí ń dunni kò mọ òkè yàtọ̀ sí pẹ̀tẹ́lẹ̀. Ọkàn ni ẹ̀jẹ̀ kò tó tí ń ké, àgbọ̀n ni a ti ń gbọ́ igbe rẹ̀. Mo kọ ìwé lé e lọ́wọ́ lọ sọ́dọ̀ àwọn dókítà ọkàn ní ọjọ́ náà gan-an. Eyín rẹ̀ kẹta ṣì wà lẹ́nu rẹ̀.

Ẹ wá gbọ́ ti inú ilé mi. Ní alẹ́ ọjọ́ kan ìyá mi fa páálí ẹ̀jẹ̀ ríru yọ. Mo bi í bí a ti ń bi aláìsàn pé, "Mà, oògùn wo ni ẹ ń lò?" Ó ní, "Amlodipine." Mo mọ̀ pé òtítọ́ ni ó ń sọ, kì í ṣe eré mọ́, nítorí ó ti ń lò ó fún ọdún mẹ́ta. Mo ṣí ẹ̀yìn páálí náà. Mo ti fi ọwọ́ ara mi kọ ọ́ síbẹ̀ pé oògùn yìí, àti nifedipine tí ó jẹ́ ẹbí rẹ̀, àti phenytoin tí àwọn oníwárápá ń lò, lè mú kí èrìgì hù bo eyín. Mo ní, "Màámi, ẹ jọ̀wọ́, ẹ la ẹnu." Èrìgì iwájú rẹ̀ ti wú dé ìdajì eyín. Ó ti pẹ́ tí ó ti ń fi pákò rin ín tí ó ń ṣẹ̀jẹ̀, ojú sì ń tì í láti sọ fún mi, kí n má baà rò pé ìyá dókítà eyín kì í fọ ẹnu. Èmi tí mo ń jẹun níwájú rẹ̀ lójoojúmọ́!

N kò ní kí ó dá oògùn náà dúró. Ẹ̀jẹ̀ ríru tí a já oògùn lẹ́nu rẹ̀ lójijì kì í ṣe ohun eré, àti pé bí ó bá ga tó 180 lórí 110, eyín tí kò bá jẹ́ kánjúkánjú yóò kúkú dúró ná. Dókítà rẹ̀ ni ó fi oògùn mìíràn rọ́pò rẹ̀.

Mo tún ìdánwò náà ṣe, mo sì yege. N kò ní lù ú lágogo, nítorí ìdánwò méjì mìíràn ṣì wà níwájú tí ó le ju èyí lọ.

Ó wá ku kí wọ́n fọ ìdí eyín ìyá mi kí èrìgì náà lè fà sẹ́yìn. Ọ̀bẹ kì í mú kí ó gbẹ́ èkù ara rẹ̀, nítorí náà mo mú un lọ sọ́dọ̀ ẹlòmíràn, dókítà ọmọbìnrin kan tí òun náà ń múra ìdánwò. Mo jókòó ní ẹ̀gbẹ́ kan, mo pa ẹnu mọ́. Ọmọbìnrin náà kúnlẹ̀ kí i, ó mú gègé, ó ní, "Mà, ǹjẹ́ ẹ ń lo oògùn kankan, ìbáà ṣe ti eyín tàbí ti ibòmíràn? Àgbo ńkọ́?" Ìyá mi tú ọ̀rá tí ó gbé lọ́wọ́ sórí tábìlì. Oògùn ẹ̀jẹ̀ ríru tuntun wà níbẹ̀, ti orúnkún wà níbẹ̀, ti ojú wà níbẹ̀, ìgò àgbo kan tí n kò rí rí sì yí gbirigbiri wá síwájú mi.

Mo ní, "Màámi, àgbo wo tún nìyí?"

Ó ní, "Ìwọ kò bi mí ní àgbo rí."

Ọmọbìnrin náà kọ ọ́ sílẹ̀.